Bí Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Bàbá Wa Ṣe Dé Sókótó

Láti ìgbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti gba yàrá kan ṣe ọ́fíìsì ní Opebi, tó gbé tábìlì onígíláàsì sínú rẹ̀, kò sí ohun tí kò mọ̀ mọ́ láyé. Bí ẹnìkan bá ń ra ilẹ̀, ó mọ̀ nípa ilẹ̀; bí orí bá ń fọ́ ọmọ, ó mọ oògùn rẹ̀. Èmi kì í bá a jiyàn. Mo kàn máa ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo tí kò lè tan gílóòbù kan.

Bàbá wa fi ọkọ̀ àjàgbé àtijọ́ kan sílẹ̀ fún wa nínú ọgbà ilé ní Dopemu. Òun ni bàbá wa fi ń kó obì láti Agége lọ sí òkè Ọya kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo ìgbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá wọlé ló ń yínmú sí i. Á ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù wá kó páńtí yìí lọ."

Àfi ìgbà tí bàbá àgbàlagbà kan pè mí láti Sókótó. Alàájì ni. Agége ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì wà lára àwọn Hausa olóbì tí bàbá wa máa ń bá kẹ́rù. Ó ní irú ọkọ̀ wa gan-an ni òun ń tún tò nílé òun, mẹkáníìkì kan ló sì júwe wa fún òun. Ó fẹ́ ẹ́ńjìnì, ó fẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tún fẹ́ irin gbọọrọ tí táyà ẹ̀yìn dúró lé. Ọ̀rọ̀ owó wa wọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí fún.

"Ọmọ mi, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má kùn ún. Ọ̀dà àtijọ́ yẹn gan-an ni mò ń wá."

Bí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ ra páńtí, ó dé lọ́jọ́ Sátidé nínú léèsì funfun, pẹ̀lú awò dúdú lójú.

"Ìyàwó mi kékeré, fi èyí sílẹ̀ fún mi. Ẹrù tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Mo sọ ohun tí Alàájì wí fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń fowó ra ìdọ̀tí? Bàbá yẹn ò mọ ohun tó ń sọ."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó ṣe é, kí ó lè níyì lójú ẹbí. Nítorí ẹ̀gbọ́n mi, mo gbà, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi níbi tí mo ti ń rán aṣọ iléèwé. Nígbà tí mo padà délé nírọ̀lẹ́, wọ́n ti tú ẹ́ńjìnì àti irin gbọọrọ náà sílẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ti di búlúù, ó ń dán bí ike ìwẹ̀ tuntun. Àwọ̀ ewé tí bàbá wa kùn ún, àti "Sùúrù Lérè" tí wọ́n kọ sí i níwájú, gbogbo rẹ̀ ti wà lábẹ́ ọ̀dà búlúù.

"Bùọ̀dá, ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe èyí?"

"Ṣé o rí i bó ṣe ń dán? Alàájì á gbádùrà fún mi ni."

Mo pòṣé. Ó rò pé ẹ̀fọn ló ń jẹ mí.

Ọjọ́ kejì ló mú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbé omi inú ọ̀rá wá láti Abúlé Ẹ̀gbá. Dírẹ́bà wo ẹ́ńjìnì, ó wo ọkọ̀ rẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé èyí lẹ ní ká gbé?" Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi jágbe mọ́ ọn. Àwọn alágbàrù tó kó wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n gbé e tipátipá. Bó ṣe kan ọkọ̀ náà báyìí, ìdí ọkọ̀ jókòó lé táyà, ẹ́ńjìnì yọ̀ padà sílẹ̀, ó sì wó òpó géètì wa. Ọlọ́run ló yọ àwọn èèyàn yẹn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ó ti sá sẹ́yìn táǹkì omi, ó ká léèsì rẹ̀ dání, ó ń pariwo pé, "Ṣé ẹ ò jẹun ni?" Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù tí kò dún sétí, ó ní wọ́n ń pe òun ní Opebi. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Èmi fúnra mi lọ sí Agége, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń já àlùbọ́sà. Òfìfo ni ọ̀pọ̀ wọn ń padà sí Sókótó. Èmi àti dírẹ́bà kan dúnàádúrà, ó wá pẹ̀lú séènì tí wọ́n fi ń fa nǹkan sókè. Mo to táyà àlòkù sábẹ́ ẹ́ńjìnì, mo fi fóòmù àti àpò àlùbọ́sà wé bọ́nẹ́ẹ̀tì, a sì de irin gbọọrọ náà mọ́ wọn pinpin. Kí wọ́n tó gbéra, mo pe Alàájì, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà fún un.

Ó ní, "Ta ló kùn ún?"

"Ẹnìkan nínú ẹbí ni, sà."

"Ṣé kò gbọ́ Yorùbá ni?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ẹrù dé láyọ̀. Alàájì ní ẹ́ńjìnì kò fọ́. Ó ní àwọn fi kẹrosíìnì àti àkísà bó búlúù náà díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ ewé jáde níbì kan, ibòmíì sì bá búlúù lọ. Kò bínú sí mi. Èmi ni inú ń bí.

Ẹ ò mọ̀ pé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ọ́ sára pátákó rẹ̀ ní Opebi pé òun ń fi ẹrù ńlá ránṣẹ́ káàkiri àgbáyé? Ó tún wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń bi mí bóyá mo mọ ẹlòmíì tó ní irin àtijọ́ nílé. Mo gbé àga fún un, mo bu omi fún un. Ó mu ún, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi kíkankíkan títí n kò fi gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́.