Ọ̀já Tó Pupa Nínú Kámẹ́rà

Ọ̀gá mi, obìnrin tí mo ń bá ta ẹ̀wà ní Abúlé Adó, kì í fọwọ́ kan oògùn kòkòrò. Èmi ni mo máa ń fọ́n ọn sára àpò ẹ̀wà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Kò fún mi ní nǹkan tí màá fi bo imú. Ọ̀já tí mo fi ń pọn ọmọ ni mo máa ń tú. Màá tẹ́ ọmọ sórí páálí níta, màá fi ọ̀já di imú àti ẹnu. Tí mo bá fọ́n oògùn tán, màá gbọn ọ̀já náà, màá fi pọn ọmọ mi relé. Mi ò ní òmíràn.

Ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sú, ó sì ń bì. Ọ̀gá mi ní eyín ló fẹ́ hù.

Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti yunifásítì gbé kámẹ́rà wá. Ó ní kámẹ́rà náà máa ń fi oògùn kòkòrò hàn lára nǹkan láìfọwọ́ kàn án. Ọ̀gá mi gbà kó yàwòrán ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn oníbàárà láti Festac lè gbọ́ pé ẹ̀wà òun mọ́. Ó ti ní kí n fọ gbogbo ibẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tan iná kan, ó yà á. Nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ibi tí oògùn bá wà ló ń pupa. Kóńgò tí a fi ń wọn ẹ̀wà ò pupa. Tábìlì pupa díẹ̀. Èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí ọmọ wà lẹ́yìn mi, àyà mi níbi tí mo so ọ̀já sí pupa fòò.

“Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kẹ̀yìn sí mi.”

Mo kẹ̀yìn. Ọ̀já tó yí ọmọ mi ká pupa ju gbogbo ṣọ́ọ̀bù lọ.

“Kí lẹ fi ọ̀já yìí ṣe?”

Kí n tó lanu, ọ̀gá mi ti dáhùn. “Ẹ má dá a lóhùn, jàre. Ohun tó bá rí ló fi ń nu nǹkan. Kámẹ́rà yín náà mọ ọ̀bùn.”

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó wá wòran rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí.

Mo ju ọ̀já náà nù, mo wá ń fi aṣọ mi kan pọn ọmọ. Ní Sátidé, ọ̀gá mi gbé ìgò oògùn fún mi. “Fi nǹkan míì di imú, má dójú tì mí mọ́.”

Mi ò lè sọ pé mi ò ṣe. Mo kàn gbé ìgò náà sílẹ̀, mo pọn ọmọ mi, mo ń lọ. Ó ń pè mí títí mo fi dé títì.

Ara ọmọ mi ti dá. Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá láìpẹ́ yìí. Obìnrin mìíràn ló ń wọn ẹ̀wà, òun náà pọn ọmọ.