Gbẹ́nàgbẹ́nà Tí Kì Í Jókòó Nílé Ọlọ́run

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà náà kì í dilẹ̀. Ilé rẹ̀ ló ṣófo. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lókèèrè. Bó bá ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, ó di ọ̀la kó tó tún gbọ́ ohùn èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, òun náà ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wọn ló tú wọn ká. Nígbà tí àìsàn wá dá ẹ̀gbọ́n gúnlẹ̀, ó ránṣẹ́ pé: "Ẹ ní kí àbúrò mi wá, kí n fojú kàn án." Àbúrò ní òun ò ráyè. Wọ́n tún padà wá pè é; pátákó ló ń gé lọ. Kó tó ro inú ara rẹ̀ wò, ẹ̀gbọ́n ti kú, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Àga ni o, fèrèsé ni o, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Ṣùgbọ́n bí ìsìn bá bẹ̀rẹ̀, ìta ló máa ń dúró sí, bí àlejò tí wọn ò pè.

Lọ́jọ́ kan, pásítọ̀ bá a níbi tó ti ń kan ilẹ̀kùn tuntun.

"Bàbá, èyí tó wà níbẹ̀ ò tíì bàjẹ́ o."

"Mo mọ̀, pásítọ̀. Iṣẹ́ mi ni kò tíì tó."

"Ìgbà wo ni yóò tó?"

Ló bá tú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kò gbójú sókè.

Pásítọ̀ kò ní kò burú. "Ó burú, bàbá. Bí ẹ bá gé gbogbo igi inú igbó tán, ẹ ò lè fi tún un ṣe. Torí ẹ̀ ni Jésù ṣe kú. Ohun téèyàn bá ṣiṣẹ́ fún, owó ọ̀yà ló ń jẹ́. Ẹ̀bùn ni ìdáríjì, ọwọ́ òfìfo la sì fi ń gbà á."

"Ọwọ́ òfìfo? Pásítọ̀, ìyẹn le ju iṣẹ́ lọ."

"Ó le lóòótọ́."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó wọlé, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ìyá àgbà kan sún fún un. Nígbà tí wọ́n gbé búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á, ó sì jẹ ẹ́ tomijé-tomijé.

Ó délé, kò sẹ́ni tó bi í pé báwo ni ìsìn ti rí. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì sunkún títí ara rẹ̀ fi fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́jú, ó wọ bàtà, ó forí lé ilé opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.