Ìborí Síkírátù ní Ọjọ́ Ajé

Òórùn aṣọ funfun tí a wọ́n omi sí, tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná sì ń kọjá lórí rẹ̀, ló gbé mi padà sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ yìí. Àìṣá, ọmọ ọmọ mi, ló ń lọ híjáàbù rẹ̀ ní pálọ̀ wa níhìn-ín ní Ìkòròdú. Ilé ìwé rẹ̀ ti pe àwọn òbí sí ìpàdé lónìí, kí wọ́n lè pinnu bóyá àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí yóò máa wọ híjáàbù wọ kíláàsì tàbí wọn kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ Mùsùlùmí, ti lọ síbi iṣẹ́. Èmi ìyá àgbà rẹ̀ tí mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni n ó lọ jókòó níbẹ̀ dípò rẹ̀. Àìṣá bi mí bóyá wọ́n ń jà sí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tiwa. Mo ní kó má jẹ́ kí aṣọ jó, n ó sọ fún un.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí máa ń rò pé àríyànjiyàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀. Orúkọ tí ẹ ń pè é ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìborí lásán la ń pè é nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, tí bàbá mi fi ọkọ̀ ojú omi rán mi láti Ìkòròdú sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Etí ọ̀sà la ń gbé. Èéfín ẹja yíyan máa ń wọ inú aṣọ, inú irun, àti inú ìwé wa. Bí mo bá padà sílé fún ọlidé, ìyá mi á kọ́kọ́ sá àpótí mi sí oòrùn kó tó kí mi káàbọ̀.

Síkírátù ni ọmọ ilé kejì sí tiwa. Bàbá rẹ̀ ń kan ọkọ̀ ojú omi. Àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tó sá kúrò ní Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́ nígbà ogun, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó bí ẹni tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lánàá. Èmi àti Síkírátù jọ ń lọ sí ilé ìwé ìjọ kan ṣoṣo tó wà nítòsí. Ilé gígùn kan ni, ó ní òrùlé páànù. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ilé ìwé ni; ní ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Nítorí náà, bí ẹ̀kọ́ bá parí ní ọjọ́ Ẹtì, àwa ọmọ ilé ìwé ni yóò yí gbogbo àga kọjú sí pẹpẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a ó tún yí wọn padà kọjú sí pátákó.

Gbogbo wa la gbọ́dọ̀ wá ní ọjọ́ Àìkú, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ẹni tí kò bá wá yóò jẹ pàṣán ní ọjọ́ Ajé. Ọmọbìnrin kan kò sì gbọ́dọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìbo orí. Màmá, ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé wa, máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àkísà mímọ́ fún àwọn tó bá gbàgbé. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀, orí ṣíṣí ni òfin, kí àwọn tísà lè yẹ irun wò bóyá iná orí wà níbẹ̀.

Ìgbà tí a wà ní Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ ni Síkírátù parí Kùránì rẹ̀ ní ilé kéwú, wọ́n sì ṣe wọ́límọ̀ fún un. Bàbá rẹ̀ ní láti ọjọ́ náà lọ, orí ọmọ òun kò ní jáde ní ṣíṣí mọ́. Ọ̀gá ní orí tí a bò kò ní wọ kíláàsì òun. Bàbá ní kò burú, kó lọ bá àǹtí rẹ̀ yan ẹja létí omi títí ọkọ yóò fi dé. Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ti gbẹ̀bí àbúrò rẹ̀ ni Síkírátù ti pinnu pé agbẹ̀bí lòun náà yóò jẹ́. Kò ṣí orí, kò sì jókòó sílé. Lárààárọ̀ ló ń wá pẹ̀lú ìborí rẹ̀, lárààárọ̀ ni wọ́n ń dá a padà. Àwọn ọmọkùnrin á máa tẹ̀ lé e.

"Àlájà, ṣé Mẹ́kà lẹ ti ń bọ̀?"

"Ilé wa ni. Ilé ìwé ni mò ń lọ, ẹ̀yin ńkọ́?"

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé, ó wá. Màmá rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó yìn ín níwájú gbogbo wa pé ìborí rẹ̀ ló mọ́ jù, kí a wò ó kọ́gbọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí a ṣe ń yí àga ni Síkírátù wọlé pẹ̀lú ìborí kan náà, ó sì di ẹ̀gbẹ́ kejì àga tí mo dì mú. Ọ̀gá dé.

"Ta ló ní kí ìwọ wọlé?"

"Ẹ má bínú, sà. Lánàá, lẹ́nu ọ̀nà yìí, Màmá ní ìborí mi dára."

"Àná, inú ṣọ́ọ̀ṣì lo wà."

Síkírátù wo òrùlé, ó wo ògiri, ó wá wo àga ọwọ́ wa. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá.

"Àga nìkan la yí, sà."

Ọ̀gá wo ìyàwó rẹ̀, tó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké ní ìpẹ̀kun ilé. Màmá ní ọmọ náà kò purọ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá gbé pàṣán ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ènìyàn líle ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpùrọ́.

"Kó jẹ́ funfun," ló wí níkẹyìn. "Kó sì mọ́. Màmá ni yóò máa yẹ irun rẹ̀ wò, ní kọ̀rọ̀. Ó yá, ẹ gbé àga."

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé wa la ti ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú àbúrò bàbá mi lọ ìborí náà, lẹ́yìn tí a bá ti rì í sínú sítáàṣì ẹ̀gẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ná kan jábọ́ lọ́jọ́ kan, ó lu ìborí. Síkírátù yí ihò náà sẹ́yìn, ó ní Ọ̀gá kì í wo ẹ̀yìn.

Ó parí ilé ìwé, ó sì di agbẹ̀bí. Ìbéṣẹ̀, lẹ́bàá wa níhìn-ín, ló ti ṣiṣẹ́ jù. Nígbà tí ilé ìwòsàn fún un ní fìlà funfun àwọn nọ́ọ̀sì, ó wá fi hàn mí, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó ti di olóògbé báyìí.

Èmi náà kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo kọ́ orí tó bò, mo kọ́ orí tó ṣí. Ìṣirò ń dààmú méjèèjì bákan náà. N kò rí ọmọ kan rí tí ìborí rẹ̀ dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọmọ tó yan ẹja títí di arúgbó nítorí pé ẹnìkan dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú omi tó gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ kò sí mọ́, pátákó dúdú ti di funfun, áyọ́ọ̀nù ti di ti iná mànàmáná. Ẹnu ọ̀nà yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Àìṣá ti lọ aṣọ rẹ̀ tán. Mo ní kó bá mi lọ gèlè tèmi náà. Bí a bá dé ìpàdé, iwájú ni n ó jókòó sí, n ó sì sọ ohun tí mo rí. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé ayé ti yàtọ̀, n ó ní kí wọ́n fi ohun tó yàtọ̀ hàn mí, yàtọ̀ sí àga.