Ife Kan fún Ìkòkò, Ife Kan fún Alásè

Ó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀, kí ìtàn má baà purọ́ lọ́jọ́ iwájú, pé olóògbé tí à ń sọ yìí kì í da wáìnì sínú ọbẹ̀ láì kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ìkòkò. Yóò ṣí ìdérí, yóò tẹ orí ba díẹ̀, yóò ní, "Ẹ má bínú o, ibi tí agbára mi mọ nìyí." Lẹ́yìn náà ni yóò da ife kan sínú ìkòkò, tí yóò sì da ife kan sí ọ̀fun ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ife Méjì. Ìkòkò kò bínú rí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bínú ní orúkọ ìkòkò.

Olùkọ́ ìṣirò ni ìyàwó yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Tíṣà ni ọkọ rẹ̀ ń pè é, Tíṣà náà ni gbogbo èèyàn sì mú un pè. Kì í fẹnu kan ọtí. Wáìnì tí ọkọ rẹ̀ máa ń rà wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ ìfọlẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà fi wò ó tìfura-tìfura, orúkọ kan ṣoṣo ló sì fún un: omi ọ̀dà.

Ọjọ́ tí òkìkí Ife Méjì kàn jù lọ ni ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n Tíṣà wá jẹun. Ọ̀gá Báńkì ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, nítorí pé ó ti ṣe ọ̀gá ní báńkì kan rí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó gbé ìgò wáìnì kan wá, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun.

"Àna mi, wáìnì yìí dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. Ẹ rọra gbé e o."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n." Ife Méjì gba ìgò náà tọwọ́tẹsẹ̀, ó gbé e wọ ilé ìdáná, ó sì da gbogbo rẹ̀ lé ẹran lórí. Ọjọ́ yẹn nìkan ni kò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ìkòkò.

Tíṣà ló ká a mọ́ ibẹ̀. "Bàbá! Wáìnì ẹ̀gbọ́n mi lẹ dà sínú ọbẹ̀ yẹn?"

"Tíṣà, rò ó wò. Ẹran yìí ti kú. Wọ́n gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, a tún gbé e ka iná. Lẹ́yìn gbogbo ìyà yẹn, ṣé ọtí burúkú ló yẹ ká fi tù ú nínú? Èmi tí mo ṣì wà láàyè, mo lè fara dà á."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ń da omi ọ̀dà sínú ìgò Ọ̀gá Báńkì. Ó nu ẹnu ìgò náà dáadáa, ó gbé e lọ sórí tábìlì. Tíṣà, tó fi odidi ọdún márùndínlógójì na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, jókòó, ó tẹjú mọ́ agolo iyọ̀.

Ọ̀gá Báńkì gbóòórùn ife rẹ̀. Ó dijú. Ó fi wáìnì náà yọnu síwá-sẹ́yìn bí ẹni tí eyín ń dùn. "Haà! Ẹ tọ́ ọ wò! Ṣé ẹ gbọ́ atẹ́gùn orí òkè nínú ẹ̀? Àgbà nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu!" Ó bu ọbẹ̀ díẹ̀ sẹ́nu, ó sì fajú ro. "Ọbẹ̀ náà ò burú. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, àna mi, ẹ yéé fi wáìnì ọ̀pọ̀ sè é. Ó ń hàn lẹ́nu."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n," ni Ife Méjì wí, pẹ̀lú ojú ẹni tó ronú pìwà dà. "Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

Aago ni Ife Méjì ń tún ṣe jẹun. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kángun sí ilé ìdáná, kò sì sí ilẹ̀kùn láàárín wọn, nítorí ọkùnrin náà kò rí ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ méjèèjì. Tó bá tún aago oníbàárà ṣe tán, yóò so ó rọ̀ sókè ìkòkò tó ń hó, kí ooru inú ọbẹ̀ lè máa fẹ́ ẹ. Ó ní aago tó bá fara da ooru ọbẹ̀ kò ní kú nítorí òógùn ọwọ́. Nọ́ọ̀sì kan gba tirẹ̀ lọ, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì.

"Bàbá, aago mi ń rùn bí àlùbọ́sà."

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ o."

"Ebi ńkọ́, ṣé ó ń pa yín tẹ́ ẹ bá wò ó?"

Nọ́ọ̀sì ronú. "Ó ń pa mí."

"Ẹ ò rí i? Ó ń sọ àkókò, ó tún ń sọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi àkókò ṣe."

Aago tirẹ̀ gan-an, ìṣó kan ló fi kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, gíláàsì rẹ̀ ti là sí méjì. Òun ló fi ń wo àkókò ọbẹ̀. Kò gbà kí ẹlòmíràn tún un ṣe, òun náà kò sì ráyè.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló kú sórí àga rẹ̀, lẹ́yìn tó ti jẹun tán. Ìwà rẹ̀ náà nìyẹn: kò lè fi ọbẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lóṣù kẹrin lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ẹ̀rù ba Tíṣà. Ohùn ọkọ rẹ̀ wà nínú fóònù, ojú rẹ̀ wà lára ògiri, ṣùgbọ́n ibi kan ṣoṣo tí adùn ọbẹ̀ yẹn wà láyé ni orí ahọ́n òun, ahọ́n náà sì ti ń gbàgbé. Ó tú dúrọ́ọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń kó irinṣẹ́ sí, ó rí ìwé pélébé kan: "Ẹran. Àlùbọ́sà. Ife kan, ife kan. Wákàtí méjì."

Ó fi wáìnì gidi sè é, èyí tí Ọ̀gá Báńkì fi tù ú nínú. Ọ̀gá Báńkì tọ́ ọ wò, ó pàtẹ́wọ́. "Àbúrò mi, báyìí ni wọ́n ṣe ń sebẹ̀!" Ibẹ̀ ni Tíṣà ti mọ̀ pé ọbẹ̀ náà ti bàjẹ́.

Ó wá gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú pẹpẹ ìsàlẹ̀.

"Tíṣà, ìgò kan péré ló kù," ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù wí. "Mi ò ní kó o wá mọ́. Bàbá nìkan ló ń rà á."

"Èèyàn kan ṣoṣo? Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń kó o wá láti ọjọ́ yìí?"

"Ó mọ èèyàn kí ni."

Ife mẹ́fà ló wà nínú ìgò náà. Tíṣà sebẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ló da ife kan sínú ìkòkò, tó sì da ife alásè sínú kòtò ìfọwọ́, nítorí òun kì í mutí. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni ẹran le bí bàtà ṣọ́jà. Ife méjì péré ló kù nínú ìgò.

Ó dúró síwájú sítóòfù, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára aago orí ìṣó. Ó yí bọ́tìnì kékeré tó wà létí aago náà, aago náà jí. Nígbà tí aago ògiri lo wákàtí kan, ti Ife Méjì lo ogójì ìṣẹ́jú. Tíṣà tún un wò. Olùkọ́ ìṣirò kì í ka nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin tó tún aago gbogbo àdúgbò ṣe fún ogójì ọdún, wákàtí méjì tirẹ̀, wákàtí mẹ́ta gbáko ni!

"Haà, Bàbá!" Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ó gbé ẹran ka iná. Ó tẹ orí ba, ó ní, "Ẹ má bínú o," kò sì dá a lójú ẹni tó ń bẹ̀. Ó da ife kan sínú ìkòkò. Ó wo ife kejì títí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ rí ìdáhùn tó péye kò gbọ́dọ̀ fo ìlà kankan nínú iṣẹ́. Ó dijú, ó gbé e mì. Omi ọ̀dà ni lóòótọ́.

Lẹ́yìn wákàtí méjì aago orí ìṣó, ó bu síbí kan sẹ́nu. Òun rèé. Bó ṣe wà gan-an rèé. Tíṣà fa àga ọkọ rẹ̀ sún mọ́ sítóòfù, ó jókòó sí i, ó sì jẹun títí ó fi yó.

Lọ́jọ́ kejì ó ní kí ìyá oníṣọ́ọ̀bù bá òun kó odidi páálí kan wá.

"Ẹ kì í mutí mà, Tíṣà."

"Ọbẹ̀ ni mo fi ń sè."

Ìgò méjìlá ló wà nínú páálí, ife mẹ́fà sì ni ìgò kọ̀ọ̀kan. Ọbẹ̀ kan ni Tíṣà ń sè lọ́sẹ̀, ife kan ṣoṣo ni ìkòkò sì ń gbà. Ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógójì pé gééré nígbà tó padà wá ra páálí mìíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò, ta ló mu ìdajì yòókù?