Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Jókòó sí Ilẹ̀ Àárín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó níbí láti Abbey Wood lọ sí Thamesmead. Bí a ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Southmere, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ carer, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́yìn mi: "Màmá, shift ti parí, mo ti ń lọ sílé." Ohùn Kétu, bíi tilé wa, ló fi ń sọ ọ́, bí ẹni ń kọrin. Kí n tó mọ̀, mo ti kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò mọ̀, ẹ̀bá ààlà ni wọ́n ti tọ́ mi. Ìlú kan ṣoṣo ni ìlú wa kí òyìnbó tó pín in: Òkè-Ẹmì bọ́ sí Nàìjíríà, Ìsàlẹ̀-Ẹmì bọ́ sí ilẹ̀ Kútọnu. Oko tó wà láàárín, tí ìjọba méjèèjì ń jà sí, ni à ń pè ní ilẹ̀ àárín. Bọ́lẹ̀kájà kan ló ń gba ibẹ̀ kọjá ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Bàbá Ganíyù ló ń wà á. Fìlà méjì ló ní: tó bá dé ọ̀dọ̀ sójà tiwa, á dé abetí ajá, tó bá kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ sójà Kútọnu tó ń sọ Faransé, á ṣí i, á dé bẹrẹ́ẹ̀tì, á sì máa kí ewúrẹ́ pàápàá ní "Bọnjúù." Bí ọkọ̀ bá taku, àwa ọmọdé á sáré tọ̀ sórí ilẹ̀ àárín, a ó máa yangàn pé a ti bomi rin oko ìjọba méjì.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ni mo ń gbé. Àbúrò rẹ̀, Ìyá Ìsàlẹ̀, wà lódì kejì. Lọ́dún kan, ẹnu ìjọba méjèèjì kò kò mọ́, wọ́n ti ààlà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la gbọ́ pé àìsàn ti gbé Ìyá Ìsàlẹ̀ dálẹ̀. Ìyá Àgbà mú mi lọ́wọ́, a wọ ọkọ̀.

Sójà ti fi igi dábùú ọ̀nà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà," ni ọ̀kan nínú wọn bẹ̀bẹ̀, ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù tán.

"Mi ò bá ẹ jà, ọmọ mi. Mo kàn fẹ́ jókòó díẹ̀ ni."

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba abẹ́ igi náà kọjá, ó jókòó sórí koríko ilẹ̀ àárín. Bàbá Ganíyù pa ẹ́ńjìnnì. Èrò kankan kò padà. Sójà yẹn wò wá, ó wo ojú ọ̀run, ó kẹ̀yìn sí wa.

Ẹnìkan ti gba inú oko lọ sọ fún wọn lódì kejì. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, a rí àwọn ọmọ Ìyá Ìsàlẹ̀ tí wọ́n gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tí wọ́n dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Ó ti rù kan eegun. Ìyá Àgbà gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń fi ìka tú irun rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Kí ni mo fẹ́ jẹ? Àwọn ọmọ yìí ò mọ ọbẹ̀ sè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn.

Ìyá Ìsàlẹ̀ kú kí wọ́n tó ṣí ààlà. Ìyá Àgbà kò débi ìsìnkú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kó ráhùn rí.

Bọ́lẹ̀kájà ti di ohun ìgbàgbé, ọ̀kadà ló ń ná ọ̀nà náà báyìí. Mo máa ń rò ó pé àwọn tó fa ààlà yẹn kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò. Lánàá, mo pe ọmọ ọmọ Ìyá Ìsàlẹ̀ kan, mo bi í pé ìjọba wo ló wá ni ilẹ̀ náà.

"Auntie, wọ́n ṣì ń jiyàn. Àwa àti àwọn ará Òkè-Ẹmì ti gbin àgbàdo síbẹ̀ ní tiwa. Ó ti gbó. Ẹ wá jẹ ẹ́."