Ìbéèrè Tí Mo Bi Àlejò Wa Ní Ìsọlọ̀

Òórùn ọ̀dà tútù ló gba gbogbo ọgbà ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Ìsọlọ̀ lọ́sẹ̀ tí à ń retí àlejò yẹn. Ògiri tó kọjú sí géètì nìkan ni wọ́n kùn. Èyí tó wà lẹ́yìn, níbi tí àwọn ọmọ ti ń pọnmi, wọ́n fi í sílẹ̀ tòun ti ìdọ̀tí ara rẹ̀. Aṣojú orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbàlejò ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ló ń bọ̀. Wọ́n ń gbé ife-ẹ̀yẹ náà káàkiri, kí aráyé lè rí i pé ọ̀rẹ́ gbogbo ènìyàn ni wọ́n. Ìwọ náà mọ irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sí ìjọba, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ.

Ohun tí àwọn tó yan ilé-ìwé wa kò mọ̀ ni pé àbúrò mi ọkùnrin wà lọ́hùn-ún, ó ń bá wọn kọ́ pápá ìṣeré tí wọ́n máa lò. Ọjọ́ tó débẹ̀ gan-an ni ọ̀gá rẹ̀ gba páasípọ́ọ̀tù rẹ̀. Bàbá wa kú, a sin ín, wọn ò jẹ́ kó wálé. Inú ilé kan náà lèmi àti ìyá wa ń gbé ní Mafoluku, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú, kò sì sí bàálù tó ń balẹ̀ tí màmá kì í gbójú sókè wò.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa, obìnrin jẹ́jẹ́, mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Ó pè mí sí ọ́fíìsì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, orin ni kẹ́ ẹ kọ́ àwọn ọmọ o. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èmi àtẹ̀yin."

Mo ní mo ti gbọ́, mà. Mo sì fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ náà àwọn ọmọ kọrin, aṣojú náà sì ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà àwọn oníròyìn. Ó ní nílùú àwọn, kò sí ohun téèyàn ò lè béèrè, pé kí a béèrè ohun tó bá wù wá. Mo wo ibi tí àwọn òbí jókòó sí, mo rí ìyá mi, fọ́tò àbúrò mi lórí itan rẹ̀. Mo kàn rí i pé mo ti dìde.

"Sà, àbúrò mi wà lára àwọn tó ń kọ́ pápá yín. Ọ̀gá rẹ̀ ò fún un ní páasípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ṣé ẹ máa jẹ́ kó wálé?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn, kí àwọn ọmọ máa kọrin lọ. Ni ìyá mi bá dìde, ó gbé fọ́tò náà sókè. Ìyá kan láti Ṣógúnlé dìde pẹ̀lú fọ́tò ọmọ tirẹ̀. Bàbá kan tẹ̀ lé e. Àṣé màmá ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé látọjọ́ márùn-ún, ó ń kó àwọn òbí tí ọmọ wọn wà lọ́hùn-ún jọ, kò sọ fún mi! Kí n tó mọ̀, òbí mẹ́fà ti wà lórí ìdúró, kámẹ́rà ò sì ka ife sí mọ́.

Mo wo ọ̀gá wa, mo ń retí kó ní kí n jáde. Obìnrin náà gba makirofóònù, ó kọjú sí aṣojú náà.

"Ẹ dá wọn lóhùn, sà. Ẹ̀yin lẹ ní ká béèrè."

Fídíò náà tàn kálé tàn kóko. Àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí èmi àti ọ̀gá wa. A fèsì, a ò tọrọ àforíjì. Lọ́sẹ̀ kẹta, àbúrò mi pè.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe fún wọn? Wọ́n ti dá páasípọ́ọ̀tù padà fún gbogbo wa!"

Ọjọ́ tí wọ́n balẹ̀, màmá ò dúró de ọkọ̀; ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Mafoluku dé pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tí àbúrò mi yọ, ó ti rù, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ gbogbo wà níta. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, ó ń kì í lédè Èkìtì. Ìdílé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la pariwo, tí àwọn arìnrìn-àjò fi bá wa pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni kí n tó mọ̀ pé ìjọba tó lè ti ẹni tó bá wù ú mọ́lé lè má lè dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo níwájú àwọn ọmọdé. Láti ìgbà yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá nawọ́ sókè ní kíláàsì mi, bó ti wù kí ìbéèrè rẹ̀ le tó, n kì í ní kó jókòó.