Ọ̀rọ̀ Àlejò Nílé Aṣòfin

Òórùn gbágùúdá rírẹ àti ti sitáàṣì gbígbóná ló kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọkọ mi ní Ìkòsì nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Gbágùúdá jẹ́ ti ìyá ọkọ mi, tí ń ṣe fùfú tà fún àwọn ará Kétu. Sitáàṣì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, káfíńtà tí àwọn èèyàn wa dìbò yàn lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ síbẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, bó bá sì ti ń lọ̀ ọ́ ni yóò máa sọ̀rọ̀, bíi pé àwọn aṣòfin tó kù jókòó sórí àwọn àpótí tó wà níwájú rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, yóò wá tún un sọ ní gẹ̀ẹ́sì. Nítorí pé mo ti lọ sílé ìwé díẹ̀, èmi ló máa ń bi bóyá ọ̀rọ̀ náà yé mi. Bàbá Aṣòfin ni mo ń pè é, torí ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ.

Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńlá. Ó ti sọ̀rọ̀ nílé náà lórí rélùwéè, lórí iye ọdún tó yẹ kí ọmọ lò nílé ìwé, àti lórí bóyá ká tètè gba òmìnira tàbí ká ṣe sùúrù. Àwọn ará ilé a máa kùn pé ọ̀rọ̀ gbogbo Nàìjíríà ló ń gbé kiri, nígbà tí mọ́tò ṣì ń rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà Ìkòsì. Kì í bínú sí wọn. Á ní, "Mo ti sọ ti ọ̀nà náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn."

Ọdún bíi mélòó kan kí òmìnira tó dé ni ọ̀rọ̀ ìdìbò dé iwájú wọn. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni bóyá ẹni tó ń gbé ìlú tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ yẹ kó máa dìbò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbóná ní àdúgbò wa, nítorí àwọn àlejò ti ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, àwọn àgbà ìdílé onílẹ̀ wá bá Bàbá Aṣòfin. Èmi ni mo gbé omi fún wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò gbé ohùn sókè rárá. "A fún wọn níbi tí wọ́n máa gbé," ló wí. "Inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá wa yan aṣòfin lónìí, lọ́la wọ́n á bá wa yan ẹni tó máa jókòó lórí ilẹ̀ wa. Ìyẹn ni kó o bá wa sọ fún wọn ní Èkó." Bàbá Aṣòfin ní òun ti gbọ́. Wọ́n mu omi tán, wọ́n sì lọ pẹ̀lú ìdánilójú pé ó ti gbà.

Ọmọ Ìlàjẹ ni bàbá mi, apẹja tó wá tẹ̀dó sí Àgbóyì, létí odò lẹ́bàá Kétu, kí wọ́n tó bí mi. Mo gbé ife omi wọlé. Bí Bàbá Aṣòfin bá ṣe tiwọn, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo bàbá mi? Bí kò bá sì ṣe é, mo mọ ẹni tí wọ́n máa ní ó yí i lórí. 

Nígbà tí Bàbá Aṣòfin tún ń lọ aṣọ, ó pè mí. "Ìyàwó, níbo ni bàbá rẹ ti ń san owó orí?"

"Kétu ni, sà."

"Ṣé ẹ ní ẹni tí ẹ sin sí Àgbóyì?"

"Àbúrò mi méjì, sà."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó ká aṣọ náà láìfi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dánra wò fún mi bó ti máa ń ṣe.

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà pé, ọkọ mi mú mi lọ wo àwọn aṣòfin. A wọ mọ́tò bọ́lẹ̀kájà láti Kétu, a kọjá afárá, a sì lọ jókòó sórí àga àwọn òǹwòran lókè. Mo ti rò pé ibẹ̀ yóò bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n àwọn kan ń sùn, àwọn kan ń bára wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Abẹnugan, tó ń darí ìjókòó náà, dé irun àtọwọ́dá funfun tó ń mú un làágùn. Nígbà tó kan Bàbá Aṣòfin, ó dìde, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ọkùnrin kan ń bẹ ní àdúgbò òun tó ti ń san owó orí níbẹ̀ tipẹ́, tó sì sin ọmọ méjì síbẹ̀. Ó ní bí ọkọ̀ bá dojú dé lórí odò, ọkùnrin náà ni gbogbo ìlú ń sá lọ pè. "Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá lè dìbò níbi tó sin ọmọ rẹ̀ sí, níbo ni kó ti dì í?"

Aṣòfin kan kígbe láti òdìkejì pé kí ọkùnrin náà padà sílé rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Aṣòfin dúró títí ẹ̀rín náà fi tán, ó wá ní, "Ilé rẹ̀ ni mò ń sọ." Kò pẹ́ tí Abẹnugan fi ní àkókò rẹ̀ ti tó, ó sì jókòó. Ẹlòmíràn dìde, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọkọ mi dì mí lọ́wọ́ mú láìwo ojú mi.

Ìròyìn dé Ìkòsì kíákíá. Àwọn àgbà tún wá, lọ́tẹ̀ yìí wọn ò mu omi. Ọ̀kan nínú wọn ní ìyàwó ará odò ló yí i lórí. Ìyá ọkọ mi kò tilẹ̀ dìde nídìí fùfú rẹ̀ kó tó dáhùn. "Kí ìyàwó yìí tó dé ni ọmọ mi ti ń ṣorí kunkun," ló wí. "Ẹ má dá a lẹ́bi." Bàbá Aṣòfin tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn pé òun kò sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tọrọ gáfárà lórí ohun tó sọ. Nígbà tí ìdìbò mìíràn dé, ẹlòmíràn ni wọ́n fà kalẹ̀. Ó padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà, ó sì pẹ́ kí àwọn kan nínú ìdílé tó tún gbéṣẹ́ fún un.

Òfin tó jáde níkẹyìn kò yọ àwọn àlejò kúrò nínú ìdìbò. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú un rí bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó lágbára jù ú lọ náà ní ìdí tiwọn. Ní ọjọ́ ìdìbò, bàbá mi wá sí Kétu, ó tò sórí ìlà, ó sì yà wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Ó ní oòrùn ti pa òun, pé bí òun bá mọ̀ pé yóò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òun ì bá ti kọ́kọ́ ká àwọ̀n. Bàbá Aṣòfin wà lágbàlá tó ń rẹ́ pákó. Ó kí bàbá mi, ó béèrè bí ẹja ṣe ń wọlé sí, ó sì padà sídìí ayùn rẹ̀.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ aṣòfin láti ìgbà náà, mo sì ti rí àwọn tó la ọ̀nà àti àwọn tí kò là á. Ohun tó wá yé mi ni pé ẹnì kan lè fi ipò rẹ̀ jà fún ọ, kí ọ̀rọ̀ náà má sì dé etí rẹ láéláé. Bàbá mi kú láìmọ̀ pé wọ́n ti jiyàn lórí òun rí nílé ńlá kan ní Èkó. Ó kàn rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, pé ibi tí èèyàn bá ń gbé, níbẹ̀ ló ti ń dìbò.